Àrà Keje

Sibylla kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí omi tí àbúrò rẹ̀ gbé kaná tó hó. Láti ìgbà tí yìnyín àkọ́kọ́ ti bọ́ ló ti ń wúkọ́. Nígbà tí Kérésì fi máa kọjá, ohun tó kù lára rẹ̀ kò ju egungun àti ojú lọ. Ọkọ rẹ̀, Leberecht Quandt, tó ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Eschenrode fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì mọ ìgbà tí ọwọ́ náà di ti òkú.

Ọ̀rọ̀ tó já gaara kẹ́yìn lẹ́nu obìnrin náà, ọ̀sán ọjọ́ Ajé ló sọ ọ́.

"Leberecht, ṣé o rántí ohun tí o ṣèlérí fún mi nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa?"

"Mo rántí."

"Wí i kí n gbọ́."

"Orin ìdágbére. Ẹsẹ méje, àrà méje."

"Ẹsẹ ìkẹyìn ńkọ́?"

Sibylla fi èékánná tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

"Gbogbo fèrè," ni Quandt wá sọ. "Gbogbo fèrè dùùrù, láìku ọ̀kan."

"Láìku ọ̀kan," ni Sibylla tún wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ewúrẹ́ olóríkunkun kan tì mọ́lé.

Ní ilẹ̀ wọn, ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní atẹdùùrù gbọ́dọ̀ lè mú orin ìjọ kan, kó má ba ohùn rẹ̀ jẹ́, kó sì dá àrà sí i níye ẹsẹ tó ní. Ohùn orin náà á wà níbẹ̀ látòkèdélẹ̀ bí egungun ṣe wà nínú ara, ṣùgbọ́n àrà kọ̀ọ̀kan á wọ aṣọ tó bá ọ̀rọ̀ ẹsẹ rẹ̀ mu. Ẹsẹ tó bá ń sunkún, àrà rẹ̀ á sunkún. Èyí tó bá ń yọ̀, àrà rẹ̀ á máa fò sókè. Quandt mọ iṣẹ́ yìí dójú àmì. Iṣẹ́ kọ́ ló ń dà á láàmú. Velten ni.

Velten Strohbusch ló ń tẹ ẹwìrì dùùrù náà. Dùùrù ńlá kì í dá mí. Lẹ́yìn ògiri pákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹwìrì mẹ́ta wà níbẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi bí ibùsùn. Ọkùnrin kan á máa gun igi wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á sì wọ inú fèrè. Bí onítọ̀hún bá dẹ́sẹ̀ dúró, kí atẹdùùrù ní ìka ogún, asán ni.

Nígbà kan, ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì. Velten fi ọdún mẹ́fà ju Quandt lọ, Quandt a sì máa pè é ní Ẹ̀gbọ́n Velten. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí wọ́n bá ti gbìyànjú orin ọjọ́ kejì tán, ilé Quandt ni wọ́n ti jọ ń jẹ ọbẹ̀ ọkà bálì tí Sibylla bá sè. Velten á na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbàgìdì síwájú iná, á ní, "Ìwọ ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, èmi ń fẹsẹ̀ ṣe é, ìyàwó rẹ nìkan ló ń fi orí ṣiṣẹ́ láàrin wa."

Ọdún méjìlá sẹ́yìn ni ààfin ọmọ ọba tó ni ilẹ̀ náà rán ọkùnrin kan wá láti gbọ́ bí Quandt ṣe ń tẹ dùùrù, nítorí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa tẹ tiwọn láàfin. Quandt ṣe dáadáa títí ó fi kan orin ìkẹyìn. Ó fa gbogbo ọ̀pá jáde kí gbogbo fèrè lè dún pọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan nínú àwọn pákó ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ atẹdùùrù, ó dì í mú pẹ́. Àárín ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tán. Dùùrù náà ké mùúù bí màlúù tó ń ṣàìsàn, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀, ó dákẹ́. Àlejò náà dé fìlà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òtútù mà pọ̀ lónìí. Wọn kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Quandt kò bi Velten ní ìbéèrè kankan. Nígbà tí ìyẹn sáré jáde láti ẹ̀yìn ògiri, tí òógùn bò ó, tó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn ni Quandt tì mọ́ ọn lójú. Ó ti dá a lójú pé Velten mọ̀ọ́mọ̀ dẹ́sẹ̀ dúró ni, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má bàa di èèyàn ààfin kó sì fi í sílẹ̀ nídìí ẹwìrì. Láti ọjọ́ náà, agogo ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Okùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó atẹdùùrù tó so mọ́ agogo kékeré lẹ́yìn ògiri. Ẹ̀ẹ̀kan, kó máa tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì, kó dúró. Ọdún méjìlá ni ọkùnrin méjì yìí fi jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàrin wọn, tí wọn kò sì kí ara wọn. Quandt kò tún fa gbogbo ọ̀pá jáde mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn ará ìjọ rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ló ní láti dá àrà méje, nítorí ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú. Ó gbé tábìlì sẹ́bàá ààrò nílé ìdáná, ibẹ̀ nìkan ni tàdáwà kò ti ní dì. Wọ́n tẹ́ Sibylla sí yàrá iwájú tí kò ní iná. Regina, àbúrò olóògbé, ń po ìyẹ̀fun kéèkì tí wọn yóò jẹ lẹ́yìn ìsìnkú, ó ń sunkún, ó sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí Regina kò lè ṣe ohunkóhun láìsọ̀rọ̀.

Àrà kìíní, Quandt jẹ́ kó rí bó ṣe rí: ohùn mẹ́rin tó ń rìn pọ̀ bí ìdílé tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èkejì, ohùn méjì péré, ọwọ́ òsì ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń dá a lóhùn. Ẹ̀kẹta, ó fi àmì wẹ́wẹ́ yí orin náà ká títí ó fi dà bí ọrùn aṣọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kọ́ òdòdó sí, nítorí irú rẹ̀ ni Sibylla fẹ́ràn. Ẹsẹ kẹrin ni ti ibùsùn àìsàn. Ibẹ̀ ni Quandt ti jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdajì ìgbésẹ̀ lẹ́yìn ìdajì ìgbésẹ̀, bí ẹni tó ń fọwọ́ tọ ògiri sọ àtẹ̀gùn. Kò sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ló ba bébà jẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Ìkarùn-ún, ó gbé orin fún ẹsẹ̀, ọwọ́ méjèèjì sì ń sáré lókè. Nínú ẹsẹ kẹfà, ẹni tó ṣẹ́kù ń sọ fún òkú pé, máa lọ níwájú, mò ń bọ̀ lẹ́yìn. Nítorí náà Quandt jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ orin náà, kí ọwọ́ òsì tẹ̀ lé e, kó máa sọ ohun kan náà gan-an tí èkíní sọ, kó má sì lé e bá títí dé òpin. Nígbà tó wo ohun tó kọ, ó gbé ìyẹ́ ìkọ̀wé kalẹ̀, ó sì wo ilẹ̀kùn yàrá iwájú fún ìgbà díẹ̀.

Ó wá ku ìkeje.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Regina pè é, "tàdáwà ti ń gbẹ lórí ìyẹ́ yín."

"Mo ń ronú."

"Ronú kẹ̀? Velten lẹ̀ ń rò."

"Má dárúkọ ọkùnrin yẹn nínú ilé yìí."

"Ilé ẹ̀gbọ́n mi náà ni. Òun dárúkọ rẹ̀ dáadáa níbí, ẹ̀yin lẹ máa ń jáde." Regina gbá ìyẹ̀fun mọ́ pákó. "Ẹ dìde, ẹ lọ bá a. Ilé kẹta sí odò ni, kì í ṣe ìlú òkèèrè. Ẹ ní, 'Velten, gbogbo fèrè la máa lò lọ́jọ́ Ẹtì, báwo la ṣe máa ṣe é?' Ó parí."

"Kó tún lè dá mi dúró, lójú òkú ìyàwó mi?"

"Ọdún méjìlá! Ká ní ọmọ lẹ bí lọ́jọ́ náà, ì bá ti máa la igi fún yín báyìí."

Quandt gbójú sókè. Òun àti Sibylla kò bímọ. Regina rántí, ó sì tẹ orí ba.

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnu mi ni."

"Po ìyẹ̀fun rẹ."

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti kọ àrà keje tí kò ní gba afẹ́fẹ́ púpọ̀. Ó lo fèrè kéékèèké nìkan, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé èèyàn lè sọ ọ̀rọ̀ ayọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó kọ ọ́ tán lọ́sàn-án ọjọ́rú, ó kà á, ó sì dà bí ẹni tó ń kéde ìgbéyàwó láti ẹ̀yìn fèrèsé tó tì. Ó fi bébà náà dáná. Ó wá kọ ọ́ bí Sibylla ṣe fẹ́ ẹ. Ẹsẹ keje ní ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹnikẹ́ni kò ní lè tì í mọ́. Ohùn kan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ máa dì mú pẹ́, tí kò ní yẹ̀, bí ọwọ́ tó di ilẹ̀kùn mú kí ogunlọ́gọ̀ lè wọlé. Kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń wí i. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ níwájú àlejò ààfin nìyẹn, bó sì ṣe kọ ọ́ sínú bébà nìyí.

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ ó dìde, ó kọjá ilé kẹta sí odò láìwò ó, ó lọ bá Kunz níbi ọlọ. Kunz jẹ́ ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún tó ń gbé àpò ọkà fún ọlọ́lọ, tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

"Ẹwìrì ṣọ́ọ̀ṣì?" ni Kunz wí. "Ọ̀gá, Bàbá Velten ńkọ́? Ṣé ara wọn ò yá ni?"

"Ìwọ ni mo wá bẹ̀."

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa orin o. Tí mo bá kọrin níbí, eku á kó jáde."

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mo fẹ́, kì í ṣe ẹnu rẹ. Tí agogo bá dún lẹ́ẹ̀kan, máa tẹ̀. Tó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, dúró."

"Ìyẹn ò le. Àṣẹ tí ìyàwó mi ń pa fún mi nílé pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ." Kunz rántí pé òkú wà nílẹ̀, ó sáré ṣí fìlà. "Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Ẹ kú ọ̀fọ̀. Màá wá."

Òtútù ti mú kí ilẹ̀ le bí òkúta, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi dáná sórí ilẹ̀ ibi ìsìnkú kí ṣọ́bìrì tó lè wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sọ pósí Sibylla kalẹ̀ sínú ihò tí etí rẹ̀ dúdú fún eérú, oníkálukú ju yẹ̀pẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ gbọ́ ìwàásù. Quandt gun àtẹ̀gùn lọ sídìí dùùrù.

Velten ti wà níbẹ̀. Ó wọ kóòtù dúdú, ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kékeré tó lọ sídìí ẹwìrì, ó di bàtà onírun àgùntàn rẹ̀ mú lọ́wọ́, èyí tó máa ń wọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa pariwo. Ó ti rí Kunz nínú lọ́hùn-ún, tó ti gun orí igi tó ń dúró de agogo.

"Leberecht," ni Velten pè.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún méjìlá. Quandt jókòó, ó to àwọn ìwé orin rẹ̀ síwájú, kò yíjú.

"Leberecht, gbọ́ mi. Ẹsẹ keje. Tó bá jẹ́ pé gbogbo fèrè lo fẹ́..."

Quandt na ọwọ́, ó fa okùn agogo lẹ́ẹ̀kan. Kunz bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Velten yí padà, ó sọ̀kalẹ̀. Àtẹ̀gùn náà ń dún lábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé dùùrù á dá àrà kan, ìjọ á sì kọ ẹsẹ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Àrà kìíní lọ, ìkejì lọ. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, àwọn obìnrin ti ń nu ojú. Nígbà tí ohùn ìsàlẹ̀ ẹ̀kẹrin ń sọ àtẹ̀gùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó wúkọ́ nínú ilé náà. Quandt tẹ ìkẹfà, ọwọ́ òsì ń tọ ọwọ́ ọ̀tún lẹ́yìn, àánú ara rẹ̀ sì ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìjọ kọ ẹsẹ kẹfà tán. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì fa gbogbo ọ̀pá jáde, láìku ọ̀kan.

Ó dún. Ògiri gbọ̀n. Eruku bọ́ láti orí àwọn áńgẹ́lì tí wọ́n fi igi gbẹ́. Fún ìlà mẹ́ta, Quandt gbọ́ ohun tí kò gbọ́ láti ọdún méjìlá. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ tó gùn náà, ó dì í mú.

Kò tíì ka iye mẹ́fà tí ohùn náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó gbọ́ Kunz lẹ́yìn ògiri, ó ń sáré láti orí ẹwìrì kan sí òmíràn, pákó ń dún gbàgà gbàgà, ọkùnrin náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń ké, "Jésù! Jésù!" Dùùrù náà ké mùúù, ó wọlẹ̀, ó dákẹ́.

Ojú kan náà ni. Ìlà kan náà, ohùn kan náà lábẹ́ ẹsẹ̀ kan náà. Kunz kò sì bá a ṣọ̀tá. Kunz kò tilẹ̀ mọ orin.

Ìjọ ń wo òkè. Quandt fi ọwọ́ sórí dùùrù tó ti kú, kò gbé e kúrò. Láti ìsàlẹ̀, níbi ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá, ohùn kan gbé ẹsẹ keje. Ohùn àgbà ni, kò dùn, ó ń sán. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó ni ín. Regina gbà á lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo ìjọ. Wọ́n kọ ọ́ parí láìsí dùùrù, Quandt sì jókòó lókè wọn, ó ń gbọ́ bí àwọn mìíràn ṣe ń san ìlérí tí òun ṣe.

Nígbà tí wọ́n jáde tán, Velten tún gun òkè wá. Kunz ti sá lọ pẹ̀lú ìtìjú.

"Mi ò wá bá ọ jà," ni Velten wí. "Ọdún tí àlejò ààfin yẹn wá ni wọ́n gbé àwọn fèrè ńlá ti ẹsẹ̀ yìí dé, ìwọ lo sì bẹ ìjọ kí wọ́n rà á. Mo sọ fún ọ pé kí wọ́n fi ẹwìrì kún ẹwìrì. Ṣé o rántí ohun tí o fi dá mi lóhùn? O ní fèrè ni aráyé ń rí, ta ló ń wo ẹwìrì. Èèyàn méjì ló ń gbà, Leberecht. Ẹnì kan ò lè tẹ̀ ẹ́, kò báà jẹ́ òmìrán. Mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, o tilẹ̀kùn. Mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí, o fa agogo."

Quandt wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Sibylla mọ̀. Nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́, ó wá bá mi nílé, ó ń wúkọ́. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n Velten, èèyàn mélòó ni gbogbo fèrè ń gbà?' Mo ní méjì, pé èmi àti Kunz lè ṣe é. Ó ní, 'Ó dáa bẹ́ẹ̀. Á jẹ́ pé ó ní láti wá bi yín léèrè.'" Velten gbé bàtà onírun àgùntàn rẹ̀ lé orí ìjókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Quandt. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó sílé tí mò ń retí kí o kanlẹ̀kùn. Mo tilẹ̀ ti fọ bàtà."

Ohun tó wá sí Quandt lọ́kàn kì í ṣe 'dárí jì mí.' Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé, kí ló dé tí ìwọ náà ò kan tèmi? Kí ló dé tí o ò pariwo rẹ̀ láàrin ọjà kí gbogbo ìlú gbọ́? Ṣùgbọ́n kó tó lè sọ ìyẹn pàápàá, ó ní láti la ẹnu, ẹnu rẹ̀ kò sì là. Ó ṣa àwọn ìwé orin rẹ̀ jọ, ìkíní sórí ìkejì, títí dórí ìkeje. Nígbà tó gbójú sókè, Velten ti wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń lọ.

Regina kò bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, kò sì bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó jẹ tirẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, Quandt jáde bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń dún. Ó ń wí ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ ètè bó ṣe ń rìn nínú yìnyín, bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Nígbà tó kọjá ilé kẹta sí odò, èéfín kò jáde lókè ilé náà. Ó rò pé Velten ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú òun. Nígbà tó dókè, bàtà onírun àgùntàn kò sí lórí ìjókòó mọ́, ó sì gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn ògiri. Ó gbé ọwọ́ sórí okùn agogo, ó sì tún gbé e kúrò. Ó fi ẹnu mọ́ pákó.

"Ẹ̀gbọ́n Velten."

Ẹsẹ̀ náà dúró.

"Ẹ̀gbọ́n Velten, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni."

"Ọ̀gá?" Ohùn náà sún mọ́ pákó. "Èmi Kunz ni o. Bàbá Velten ti lọ láti àná, wọ́n lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin lẹ́yìn òkè. Pásítọ̀ ní kí n máa wọ bàtà tí wọ́n fi sílẹ̀. Ó tóbi jù fún mi."

"Ṣé wọ́n sọ ìgbà tí wọ́n máa dé?"

"Wọn ò sọ o. Ṣùgbọ́n mo bá wọn di ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin. A gbé ibùsùn pàápàá."

Nísàlẹ̀, ìjọ ti jókòó tán. Pásítọ̀ ń wo òkè. Quandt kò kúrò lára pákó náà.

"Ọ̀gá," ni Kunz tún pè, ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ẹ fa agogo o. Agogo nìkan lẹ kọ́ mi."

Quandt jókòó. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan.